Ta Ló Ń Fọwọ́ Kan Rósì Màámi?

Wọ́n tún ti fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára aṣọ ni mo fi sàmì sára ike náà, ọ̀nà fèrèsé ni mo kọjú àmì náà sí, ó ti wá kọjú sí ògiri báyìí. Ike kì í yí ara rẹ̀ padà. Bóyá atẹ́gùn… rárá, fèrèsé wà ní títì, èmi ni mo tì í. Ẹnì kan ló ṣí ike yìí, tó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, tó dé e padà, tó rò pé afọ́jú ni mí.

Mẹ́fà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ka rósì mẹ́fà nínú ife ike mẹ́fà, lójú fèrèsé yàrá tí mo ti ń ránṣọ, ike omi tí mo gé nídìí sì bo kálukú wọn lórí bí agboorùn. Ó ku ẹyọ kan. Àwọn yòókù ti lọ — kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, bí ìgbà tí èèyàn bá ń jí ẹran inú ìkòkò jẹ, tó ń mú un díẹ̀díẹ̀ kí onílé má baà fura.

Èmi fura. Ìfura loògùn àgbà.

Rósì Màámi ni. Iwájú ilé wọn ló wà látìgbà tí mo ti gbọ́njú, òdòdó rẹ̀ pupa débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ẹ̀gún rẹ̀ ò sì mọ ọmọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Màámi kú. Ẹsẹ̀ àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ò tíì kúrò nílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ta ilé náà. "Ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ẹni tó rà á fẹ́ da kọnkéré síwájú ilé kó lè ríbi gbé mọ́tò sí. Mo sáré débẹ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ, mo gé ìwọ̀nba tí mo lè gé kí ṣọ́bìrì àwọn òṣìṣẹ́ tó débẹ̀. Àlùmọ́gàjí náà ti kú títí dòní. Kò lè gé léèsì mọ́.

Mo sì ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo gé e lábẹ́ oríkèé, níbi tí ewé ti ń yọ. Mo já ewé ìsàlẹ̀ dànù, mo fi méjì sílẹ̀ lókè. Mo ki ìdí rẹ̀ bọ oyin. Mo po iyanrìn mọ́ ilẹ̀ dúdú, mo gbìn ín sí i. Mi ò gbé e sójú oòrùn, mi ò sì rọ omi lù ú. Kí ló wá kù tí mi ò ṣe? Kò sí. Torí náà — ẹnì kan ni.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ọjọ́ tí mo kó àwọn ẹ̀ka náà wọlé, Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi tó ń bá wa gbé, gbójú sókè lórí àga wọn. "Ìyàwó mi, igi gbígbẹ wo lo kó wá yìí?" Igi gbígbẹ. Nígbà tí àkọ́kọ́ wá dúdú nídìí, ta ló yẹ kí n wò lójú?

Ọkọ mi? Ọkọ mi kì í rí ohun tí kò bá sí nínú abọ́. Nígbà tí mo fẹjọ́ sùn ún, ó ní, "Ṣé ọlọ́pàá igi lo wá dà ni?" ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára bọ́ọ̀lù tó ń wò. Òun kọ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ta ló ń wà nílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Ta ni òun àti Màámi ò…

Wọn ò fẹ́ràn ara wọn, ìyẹn ò pamọ́. Ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi, àwọn méjèèjì jọ nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láti gba ọmọ. Màámi ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e." Àtọjọ́ náà, ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́, ó parí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìlà ẹ̀yìn ni Ìyá Àgbà jókòó sí, wọ́n ń wo ìka ẹsẹ̀ wọn. Mo rí wọn. Mò ń wo gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà.

Mo sì ti dẹ wọ́n wò. Mo ta òwú dúdú tín-ín-rín kan láti orí ike kan dé ìkejì. Ẹni tó bá ṣí i, òwú á bọ́. Ìgbà tí mo fi máa gbé aṣọ oníbàárà kan lọ fún un kí n sì dé, òwú ti wà lórí ẹ̀rọ mi, wọ́n ti ká a dáadáa mọ́ páálí kékeré kan. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni? Àbí wọ́n rò pé mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, wọn ò fẹ́ kó ṣòfò… Rárá. Àgbà tó ká òwú báyẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Ó dáa. Mo gbé àpò. Mo sọ ọ́ sókè pé mò ń lọ ra bọ́tìnnì. Mo jáde, mo yí sẹ́yìn ògiri, mo ba sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èmi odindi ìyá ọlọ́mọ, bí olè nínú ilé ara mi. Aládùúgbò kan ń kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ bí ẹni tí yẹtí rẹ̀ já bọ́.

Wọ́n wọlé. Ìyá Àgbà. Mo ti mọ̀ tipẹ́… Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ike náà mú, wọ́n ṣí i. Wọ́n fi etí ìró wọn nu inú rẹ̀ níbi tí omi sun sí. Wọ́n tẹ̀ síwájú. Ó yá, báyìí ni, báyìí ni wọ́n máa… Wọn ò já nǹkan kan. Wọn ò fà á. Wọ́n kàn dúró, igi náà wà lásán nínú atẹ́gùn, wọ́n ń fẹ̀yìn ọwọ́ lé eṣinṣin kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n dé e padà. Àmì kọjú sí ògiri.

Ẹsẹ̀ mi gbé mi wọlé kí n tó ronú. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ̀ ń pa á." Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ẹyin lọ̀rọ̀…

Wọ́n ti padà sí yàrá wọn báyìí. Mo jókòó nídìí ẹ̀rọ. Ohùn wọn ò tíì bá wọn lọ.

"Ó ń bu nínú ike yẹn, ìyàwó mi. Nǹkan funfun ń hù sí i lára. Mo sọ fún ẹ. Mò ń ṣí i kó lè mí ni."

Ṣé wọ́n sọ fún mi? … Wọ́n sọ. Mò ń rán ọrùn bùláòsì kan lọ́wọ́, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ̀rọ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ọwọ́ wọn ni mò ń wò. Mi ò gbọ́ ẹnu wọn.

Ìyẹn nìkan kọ́. "Àmọ́ ta ló ń fà á tu? Láràárọ̀ ni ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ń rí bí ibi tí adìyẹ fẹsẹ̀ wà." Wọn ò bínú sọ ọ́. Wọ́n wo ọwọ́ mi. Èmi náà wò ó. Iyanrìn wà lábẹ́ èékánná mi.

Mo kàn ń wò ó ni. Bí mo bá ti jí, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo máa ń fà wọ́n sókè díẹ̀, díẹ̀ báyìí, kí n wò ó bóyá wọ́n ti ta gbòǹgbò. Màá sì tì wọ́n padà. Ṣé ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan ò gbọdọ̀ wò ó ni? Ẹ̀kẹta… ẹ̀kẹta ta á. Irun funfun kan, bíńtín. Inú mi dùn, mo fi omi ṣan iyanrìn kúrò kí n lè rí i dáadáa, ó sì já. Mo ti gbàgbé ìyẹn. Irọ́ ni, mi ò gbàgbé. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo ti ń wá ẹni tó ṣe é.

Wọ́n sì mọ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ. "Mo ní kó o ṣáà rí nǹkan tí wàá máa jí sí."

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe nílé ìwòsàn. Màámi á sùn lọ, màá tẹ̀ wọ́n léjìká. "Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Wọ́n á lajú. "Jẹ́ kí n sùn, ọmọ yìí." Ìgbà tó yá, wọn ò lajú mọ́. Mo ní nọ́ọ̀sì ni, ó pẹ́ kó tó dé. Mo ní dókítà ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, wọn ò tètè gbé Màámi wá. Mo wo gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo wo tibẹ̀ tán, mo wálé wá wo ti Ìyá Àgbà.

Nọ́ọ̀sì ò pẹ́. Mo rí i tó ń sáré bọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan bọ́ lójú ọ̀nà, kò padà mú un.

Arúgbó ni Màámi. Ara wọn ò yá. Wọ́n kú. Kò sí… kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo ti wo ibẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó ṣe é.

Ẹ̀ka náà wà níwájú mi, ewé méjì, ọ̀kan ti ń pọ́n létí. Mi ò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ó lè ti ta gbòǹgbò, ó lè ti kú. Ọwọ́ mi ti dé orí ike… mo gbọ́wọ́ kúrò. Mo gbé e lé itan mi, mo fi ọwọ́ kejì dì í mú.

Omi kán sí mi lẹ́yìn ọwọ́. Mo gbójú sókè, mò ń wá ibi tí àjà ti ń jò. Àjà gbẹ táútáú. Òmíràn tún kán.

Ojú mi ni.