Aṣọ Pupa Yàrá Ìdákẹ́jẹ́

Ire ni Mùsítúrà rò tó fi gé aṣọ pupa yẹn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lẹ́bi.

Aránṣọ ni, ọmọ Ìbà gangan, kí yunifásítì tó gbà á láti máa tọ́jú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkówèésí. Yàrá ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ariwo àti ìmọ́lẹ̀ máa ń ta lára bí ẹgba: jẹnẹrétọ̀, fèrè ọkọ̀, iná tó mọ́lẹ̀ jù. Kì í ṣe àṣejù, kì í sì í ṣe wèrè, ara wọn ni kò gbà á. Nínú yàrá yẹn, kọ́tìnì nípọn, ẹní wà nílẹ̀, bàtà àti fóònù wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ̀rọ̀.

Àìkíni ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Bí olùkọ́ bá wọlé, ọmọ á fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Bí ọmọ bá dákẹ́, olùkọ́ á fajú ro. Ni Mùsítúrà bá gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kí i, òun náà kò ní kí ẹnikẹ́ni, inú kò sì ní bí àgbà. Bí àkókò àtijáde bá tó, Mùsítúrà á fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ á na ọwọ́, á bá a tú aṣọ náà. Pupa ló gé nítorí pé pupa ló ṣẹ́kù lára yunifọ́ọ̀mù tó ń rán fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajangbadi. Kò sí ìdí mìíràn.

Nínú gbogbo wọn, Ìdrís ló fẹ́ràn jù. Estate Ìbà ló ń gbé, ìṣirò ló ń kọ́, ó wà ní ọdún kejì. Ohun tí ẹ bá ti wí fún Ìdrís ló máa ṣe, bó ṣe jáde lẹ́nu yín gẹ́lẹ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ẹgbẹ́ òkùnkùn méjì kọlu ara wọn ní Okokomaiko. Wọ́n ṣá ọkùnrin méjì pa, ọ̀kan nínú wọn kò mọ nǹkan kan, búrẹ́dì ló lọ rà. Pupa ni àwọn apànìyàn náà so mọ́ ọwọ́. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ àdúgbò ti gbé pákó àti àdá jáde láti wá wọn. Mùsítúrà kò gbọ́ rárá. Fóònù tirẹ̀ náà wà nínú apẹ̀rẹ̀.

Ní aago méjì, yunifásítì ní kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé, wọn kò sọ ìdí. Ariwo ti gba ìta, Ìdrís sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ jáde.

"Máa so ó lọ," ni Mùsítúrà wí fún un. "Ẹni tó bá rí i á fi ẹ́ sílẹ̀. Má tú u títí tí wàá fi délé."

"Ẹ ṣé, Ìyá Sherif," ni ọmọ náà wí, ó sì lọ.

Nínú ọgbà yunifásítì, gbogbo ènìyàn ló mọ aṣọ náà. Mùsítúrà gbàgbé pé ìta kì í ṣe ọgbà. Ìgbà tó mú fóònù rẹ̀ ló rí ohun tí Sherif, àkọ́bí rẹ̀, kọ ránṣẹ́: Màámi, ẹ má jáde, wọ́n ń pa ẹnikẹ́ni tó bá so pupa mọ́ ọwọ́. Kò rántí bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré.

Ní ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbà ló bá àwọn ọmọ àdúgbò náà, wọ́n tó ogójì. Wọ́n ti gbá Ìdrís lulẹ̀. Àsánì, olórí àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò, ló ṣíwájú wọn. Mùsítúrà mọ̀ ọ́n dáadáa. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló mú ọmọ rẹ̀ wá wọn yunifọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Tú u," ni Àsánì ń wí. "Tú u, kó o sì dárúkọ ọ̀gá yín."

Ìdrís fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó dijú. Bí wọ́n ṣe ń pariwo sí i ló ń ká jọ sí i; bó ṣe ń ká jọ ni wọ́n ń lù ú. Ẹnì kan fi pákó gbá a ní etí òsì, ẹ̀jẹ̀ tú jáde láàárín ìka rẹ̀. Wọ́n yí i padà, wọ́n gbá ọ̀tún náà. Ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀, ẹlòmíràn gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù dání.

"Bó bá jẹ́ ọmọ dáadáa, kí ló dé tí kò tú u?" ni ọkùnrin kan béèrè.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Mùsítúrà láyà. Ohun tí òun wí ni ọmọ náà ń pa mọ́. Kò tíì délé, kò sì ní tú u.

Ó kígbe, igbe rẹ̀ kàn fi kún ariwo ni. Ló bá wọ́ gba àárín ẹsẹ̀ wọn. Pákó kan bà á léjìká, ó gbọ́ bí egungun ṣe kán. Ó wó lé ọmọ náà lórí. Wọ́n da bẹntiróòlù lé wọn lórí, ó rin híjáàbù rẹ̀, ó sì ta á lójú. Ó wá fi ìka kan ẹ̀yìn ọwọ́ Ìdrís lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìdrís lajú. Ó mú ọwọ́ kúrò létí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó nà án sí i.

Ọwọ́ kan àti eyín ni Mùsítúrà fi tú aṣọ náà. Ó jù ú lu Àsánì lójú.

"Wò ó dáadáa, Àsánì. Yunifọ́ọ̀mù Àbíkẹ́ ọmọ rẹ nìyẹn. Èmi ni mo rán tiẹ̀, èmi náà ni mo gé èyí. Tó bá jẹ́ pé pupa lẹ fẹ́ pa, ẹ lọ mú Àbíkẹ́ wá."

Àsánì fi àtàǹpàkò ra aṣọ náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ti ṣáná. Àsánì gbá iná náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó tó," ló wí.

Ẹ má retí pé wọ́n tọrọ àforíjì. Wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n túká. Ẹni tó gbé bẹntiróòlù wá ń bi wọ́n pé ta ló rí ìdérí kẹ́ẹ̀gì òun. Ọmọ ènìyàn burú.

Mùsítúrà sun gbogbo aṣọ tó kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, Ìdrís padà sí yàrá náà, ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí. Nígbà tí àkókò tó, Mùsítúrà kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdrís kò gbé ojú. Ó tún un kàn, ó kàn án gidi, àwọn yòókù yíjú wò ó. Ìdrís kò mira. Dókítà ti sọ ọ́ fún Mùsítúrà tẹ́lẹ̀ pé etí méjèèjì ló lọ, àmọ́ ọjọ́ yẹn ló tó yé e.

Ó rìn lọ bá a, ó kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọrùn ọwọ́ sí i kí ó bá òun tú aṣọ.

Kò sí aṣọ kankan níbẹ̀. Mùsítúrà kúnlẹ̀, ó sì bá a tú u.