Àwọn Ọkọ Màámi Nínú Sáfà

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó sọ fún mi pé òun fẹ́ pa ohun tó wà nínú sáfà rẹ́ láìtíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí Mátíù sọ fún mi lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an nìyẹn. Mátíù ló ń mójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, níbi tí Màámi ti ṣiṣẹ́ ní yàrá káàdì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kí ọlọ́jọ́ tó dé bá wọn ní èṣín. Ó ní sáfà àwọn kò jí láti àná, pé òun fẹ́ nù ún mọ́ kí òun tún un gbé kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Mátíù," mo ní, "tí o bá fọwọ́ kan nǹkan kan kí n tó dé, èmi àti ẹ ni lónìí."

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọ́fíìsì wa nítòsí Ọjà Igbó, ni kí n máa tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù máa ń bi ní ìbéèrè. Inú rẹ̀ ni dátábéèsì wà, àwọn tábìlì tí wọ́n to orúkọ èèyàn àti àìsàn wọn sí, tí wọ́n sì so wọ́n mọ́ra. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá iṣẹ́. Bàbá Fáwọlé, àbúrò bàbá mi, wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìfun wọn ló lọ́ pọ̀, Dókítà Timothy sì ti sọ pé ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú kí òun tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ilé wa ló mọ̀ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá Fáwọlé rí ní Ọ̀yọ́, tí abẹ́rẹ́ kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí wọn. Kò sẹ́ni tó mọ abẹ́rẹ́ wo. Ọ̀nà méjì ni dókítà lè gbà: yálà kó gún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń múni sùn fọnfọn, tàbí kó gún wọn ní ọ̀pá ẹ̀yìn kí gbogbo ìsàlẹ̀ ara kú tipiri. Tó bá mú èyí tí kò bá wọn lára mu, a lè gbé òkú kúrò níbẹ̀. Bàbá fúnra wọn ò lè sọ ọ́, òògùn ìrora tí wọ́n fún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ kátikàti. Nígbà tí Ẹ̀ríolúwa, ọmọ wọn obìnrin, pe ilé ìwòsàn Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n bá wa wo káàdì wọn, èsì tó gbọ́ ni pé inú sáfà ni gbogbo káàdì wà, sáfà sì ti kú.

Mo wọ mọ́tò.

Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo dàgbà sí, ọlidé nìkan ni mo máa ń lọ sí Ọ̀yọ́. Nítorí náà, Ọ̀yọ́ lójú mi kò ju ọlidé lọ títí di òní. Tí mo bá ti rí àwọn òrùlé páànù pípọ́n yẹn láti ojú títì, inú mi á kọ́kọ́ dùn kí n tó rántí pé mo ti dàgbà. Nígbà yẹn, Màámi á mú mi dání lọ sí yàrá káàdì, wọ́n á ní kí n jókòó sórí páálí, wọ́n á ra mọ́ínmọ́ín elewé fún mi. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, ìka kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú awò lórí imú. Wọ́n máa ń kí i kú àárọ̀ kí wọ́n tó tàn án. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ẹni tí àwọn bá jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn gbọ́dọ̀ kí i.

Yàrá náà ti yí padà. Wọ́n ti kun ún, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i, kò sí òórùn páálí àti mọ́ínmọ́ín mọ́. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ kó dùn mí lọ. Mátíù dìde, ó ń làágùn nínú òtútù ẹ̀rọ amúlétutù.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Mi ò fọwọ́ kàn án o."

"O ṣeun. Sún síbẹ̀."

Sáfà máa ń kọ àkọsílẹ̀ nípa ara rẹ̀. Tí nǹkan bá ṣe é, ó ti sọ ọ́, ẹni tó máa kà á ni kì í sí. Mo ṣí àkọsílẹ̀ náà, gbólóhùn kan náà ló ń sọ ní àsọtúnsọ: kò sí àyè mọ́. Ilé ìwòsàn ní kí ó máa ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ lálaalẹ́ nítorí àjálù, Mátíù sì ní kó máa kó àwọn ẹ̀dà náà jọ sínú dísíìkì kan náà tí dátábéèsì wà, kò sì yọ ọ̀kan kúrò rí. Ẹ̀dà ti kún dé ọrùn. Sáfà tí kò bá rí ibi tí yóò kọ nǹkan sí kò lè dìde.

"Ohun tó yẹ kó gbà á là ló ń pa á," mo ní.

"Mà, mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe dáa tó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, tó o bá ti kó wọn sí dísíìkì mìíràn."

Mo kó àwọn ẹ̀dà àtijọ́ sínú dísíìkì mìíràn tí mo mú dání láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò fọwọ́ kan fáìlì dátábéèsì fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn tí ojú ń kán máa ń ti ba nǹkan jẹ́. Mo tún un tàn. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó ń yẹ iṣẹ́ tó já mọ́ ọn lọ́wọ́ wò, ó parí èyí tó ṣeé parí, ó sì fagi lé èyí tí kò délé. Lẹ́yìn náà ó ní òun ti ṣe tán. Mátíù pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ti tán.

Mo bi í léèrè Fáwọlé Ògúnlànà. Kò sí. Mo yọ àmì ohùn kúrò, kò sí. Mo fi orúkọ bàbá ṣáájú, mo kọ ìdajì orúkọ pé kó bá mi wá ìyókù, kò sí. Fóònù mi dún, Ẹ̀ríolúwa ni, ó ń sunkún. Ó ní Dókítà Timothy ti ní kí wọ́n gbé bàbá lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, pé bí a ò bá rí nǹkan sọ, àfi kí òun yan ọ̀kan. Mo ní kó dá wọn dúró.

Mo wá fi orúkọ ẹni sílẹ̀, mo ní kí sáfà kó gbogbo ẹni tó bá ń gbé ní Ilé Ògúnlànà jáde. Wọ́n jáde, wọ́n sì kún ojú kọ̀ǹpútà: Adúmáadán Ògúnlànà. Eyínmẹ́nugún Ògúnlànà. Ìbàdíàrán Ògúnlànà. Bàbá Kékeré. Akọ̀wé. Agùntáṣọọ́lò.

"Ta ni àwọn wọ̀nyí?" Mátíù bi mí. "Ṣé orúkọ àwọn eléré ni?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbá mi mú, ẹkún sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Màámi ni. Ilé tí wọ́n gbé Màámi wọ̀ ní ìyàwó, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ọkọ wọn, àti àgbà àti ọmọ ọwọ́, ìyàwó kì í sì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Kálukú ni wọ́n fún ní orúkọ tiwọn lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n dalẹ́. Ilé ìwòsàn fi wọ́n sídìí kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n kọ orúkọ aláìsàn. Wọ́n kọ ti gbogbo ìlú bó ṣe yẹ. Nígbà tó kan ilé ọkọ wọn, ìka wọn náà ò gbà láti pe orúkọ. Mo ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu orúkọ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń fà á, bí wọ́n ṣe máa ń kúnlẹ̀ ààbọ̀ fún ọmọkùnrin tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Àárò wọn sọ mí débi pé mo gbàgbé pé ẹnì kan ń kú lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọkùnrin méjì nínú wọn ló ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Akọ̀wé, wọ́n kọ ọ́ sí i pé abẹ́rẹ́ tó ń múni sùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ti ọ̀pá ẹ̀yìn ni kí wọ́n máa lò. Agùntáṣọọ́lò, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ti ọ̀pá ẹ̀yìn ló dá ọkàn rẹ̀ dúró, èyí tó ń múni sùn ni kí wọ́n máa lò. Ọjọ́ ìbí méjèèjì, "kò mọ̀ ọ́n". Bàbá Fáwọlé ga, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe tíṣà, wọ́n sì máa ń kọ lẹ́tà fún gbogbo ilé. Ta ni Akọ̀wé? Ta ni Agùntáṣọọ́lò?

Mo pe Ìyá Safurat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun nìkan ló kù nínú àwọn ìyàwó ilé ìgbà náà.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ìyá mi."

"Ìbùkúnọlá! Alihamudulilai. Ṣé kò sí o?"

"Ó wà, ìyá. Ta ni Màámi ń pè ní Agùntáṣọọ́lò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. "Ọkọ wa ni."

"Ṣebí gbogbo wọn ni ọkọ yín? Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó ga."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé Bàbá Fáwọlé ni?"

"Háà! Ẹnu rẹ lo fi pè é o, kì í ṣe tèmi. Orúkọ yẹn kò jáde lẹ́nu mi rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó."

"Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ni, ìyá! Tó bá jẹ́ àwọn ni, ẹ dákẹ́. Tí kì í bá ṣe àwọn, ẹ sọ pé rárá."

Fóònù dákẹ́. Mo dúró. N kò wá mọ̀ bóyá ìyá ló ń dákẹ́ àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. "Ìyá? Hẹ́lò? Ìyá!"

"Ṣebí o ní kí n dákẹ́ ni," wọ́n dáhùn, inú ń bí wọn. Ohùn wọn wá rọ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Akọ̀wé ti kú, òun ni ìyàwó rẹ̀ ń ta òfì ní Akẹ̀sán. Agùntáṣọọ́lò ni èyí tó fi alùpùpù gbé ọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú ọ lọ fún ìyá ìyá rẹ. O kọ̀, o ń ké. Ìyá rẹ ò lè wò ọ́, ẹ̀yìn ògiri ló sá sí, ibẹ̀ ló ti ń pariwo pé, 'Agùntáṣọọ́lò, ẹ rọra gùn ún o, ọkàn mi lẹ gbé dání yẹn.'"

Mo rántí. Mo rántí ẹ̀yìn gbọọrọ Bàbá Fáwọlé tí mo dì mọ́, mo sì rántí ohùn kan tó ń jáde láti ẹ̀yìn ògiri. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi rò pé Màámi ò jáde wá sin mí.

Mo pe Dókítà Timothy, mo ṣàlàyé fún un, Mátíù sì fi ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí i. Mo rò pé yóò bá mi jà pé orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti aláìsàn. Ọmọ Ìkòyí-Ilé ni. Ó ní, "Mọ́tò ni àwọn ìyàwó ilé wa ń pe èmi." Ó ní òun á lo èyí tó ń múni sùn.

Kí n tó kúrò, Mátíù bi mí pé ṣé kí òun pa àwọn orúkọ yẹn rẹ́ kí òun fi gidi rọ́pò. Mo ní kó ṣí àyè tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú tábìlì, kó kọ orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n síbẹ̀, kó sì fi èyí tí Màámi kọ sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo tún ní tí mo bá tún gbọ́ pé ẹ̀dà wà nínú dísíìkì kan náà, kó wá iṣẹ́ mìíràn.

Wọ́n ti gbé Bàbá Fáwọlé jáde nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀ríolúwa dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní nọ́ọ̀sì ka orúkọ láti inú ìwé tí Mátíù fi ránṣẹ́, ó pe "Agùntáṣọọ́lò", bàbá tó ti ń ráhùn láti àárọ̀ sì la ojú, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo ń bọ̀," wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n tì wọ́n wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tó yá wọ́n jí, wọ́n wò mí, wọ́n sì wo ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn mi.

"Ṣé ìyá rẹ ti lọ sílé ni?"

Mo mú ọwọ́ wọn.

"Wọ́n ti lọ sílé, bàbá."

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," wọ́n ní, wọ́n sì tún pa ojú dé. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀."

Mo ní màá jíṣẹ́.