Ohùn Òkè Nínú Oko Ráì

Motria di ọwọ́ ọ̀tún Yaryna mú, Bohdana di tòsì mú, wọ́n ń fà á lọ sínú oko ọkà ráì bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tó jẹ oko olóko. Adé ewé ti bò ó lójú dé imú. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ló ń rí lórí erùpẹ̀, ṣírí ọkà sì ń gbá a ní ìbàdí. Orin ni wọ́n fi ń lé e: rusalka, oko ni kí o gbà lọ, má padà sílé wa mọ́.

Eré ni, fídíò orin tuntun ni wọ́n ń ṣe. Ayàwòrán wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré sì wà láyà Motria àti Bohdana. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Polissia tí wọ́n wà yìí, àwọn àgbà kò pè é léré. Ọmọbìnrin tó bá kú láìlọ́kọ, rusalka ló ń dà. Lọ́sẹ̀ ewé tútù, ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, wọn a jáde nínú odò wá bá alààyè rìn. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá ń parí, wọn a dé ọmọbìnrin kan ládé ewé, wọn a fi orin sìn ín jáde nílùú, kí àwọn òkú lè tẹ̀lé e lọ.

Ìyá Odarka, arúgbó tó kọ́ wọn lórin náà, ti bi wọ́n láàárọ̀ pé, “Ta lẹ fẹ́ lé nínú yín?”

“Yaryna ni,” Motria dáhùn. Ìbéèrè ò tíì kúrò lẹ́nu ìyá.

“Ó mà yá ọ lẹ́nu o! Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹnu ni kí ẹ fi lé e. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ọkàn lé e.”

Bohdana tó kéré jù nínú wọn rẹ́rìn-ín. “Màmá, tí rusalka bá wá bi mí pé kí ni mo jẹ ńkọ́?”

“Kò ní bi ọ́ ní kí lo jẹ. Ìwọ gan-an ni yóò jẹ.”

Ọdún mẹ́sàn-án ni Lepeha, ẹgbẹ́ akọrin àwọn mẹ́ta náà, ti ń kọrin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi ìgbéyàwó àwọn àgbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò fetí sí wọn tí ọtí bá ti wọra. Nígbà tó yá, rédíò gbé wọn, ilẹ̀ òkèèrè ránṣẹ́ pè wọ́n, ìlú Krakow ló sì kàn báyìí. Motria ló ni ohùn ìsàlẹ̀, Bohdana ló ni ti àárín. Ohùn òkè tó ń gun àwọn yòókù lórí, tó ń mú kí àwọn èèyàn fọwọ́ nu ojú, ti Yaryna ni. Àmọ́ àìsàn ọ̀fun mú un nígbà òtútù, ohùn náà sì ya. Ó ń fi oyin tàn án, ó ń fi wàrà gbígbóná bẹ̀ ẹ́, ó sì ń gbàdúrà kí wọ́n má fura. Bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú Lepeha, kò mọ ohun tí yóò tún máa jẹ́ láyé.

Orin tòní yàtọ̀. Wọn ò fi ẹwà kankan sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí pèpéle. Bí Motria bá dé ibi “má padà,” ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Yaryna sọ nínú ara rẹ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀rù bà á. Kò sì lè béèrè, torí ẹni tí wọ́n ń lé kì í lanu.

Láàárín oko, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n sá. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, àmọ́ sísá yìí kì í ṣe ti eré. Bohdana ṣubú, ó dìde, kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ń kọrin lọ bí wọ́n ti ń sáré, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín. Lẹ́yìn náà ni ohùn kẹta gun orí wọn, ó mọ́, kò ní àpá kankan.

Yaryna fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀. Ó wà ní pípadé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣírí ọkà kan ò mì. Ó mọ ohùn náà. Ohùn tirẹ̀ ni, bó ṣe wà kí òtútù tó dé.

Ó ṣí adé, ó jù ú sínú ọkà, ó gba ọ̀nà odò, ó bọ́jú. Nígbà tó dé àgbàlá Ìyá Odarka, Motria àti Bohdana jókòó lórí àga gbọọrọ, wọn ò wo ara wọn. Ayàwòrán nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn.

“Yaryna! Èyí ló dára jù nínú gbogbo orin yín. Níbo lo gbé ohùn yẹn pa mọ́ sí látìgbà òtútù?”

“Òun kọ́ ló kọ ọ́,” ni Motria sọ. “Kò lanu rárá.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Yaryna, a ti rí ọmọ kan ní ìlú Lviv. Òun ló máa bá wa lọ sí Krakow dípò ẹ. Mo ní tá a bá parí fídíò yìí, màá sọ fún ẹ.”

“Ẹ ti rí i látìgbà wo?”

“Látìgbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì.”

“Bohdana, ìwọ náà mọ̀?”

“Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dákun.”

Ó dun Yaryna débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó fẹ́ bú wọn. Ibẹ̀ ni ohùn náà tún ti bẹ̀rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, láti inú oko tí kò sí ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ajá wọ abẹ́ àga. Ìyá Odarka ya àgbélébùú sáyà.

“Wọn kì í dá a lóhùn o,” ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́. “Ẹ jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́.”

Yaryna rìn lọ sídìí ọgbà tó yí àgbàlá náà ká. Ó tẹ́tí. Ohùn òkè náà dá wà, kò rí ohun tí yóò gùn lé. Láyé Yaryna, kò kọ ohùn ìsàlẹ̀ rí. Ó lanu, ohùn tó ya náà jáde, ó wúwo, ó há, ó sì wọ abẹ́ èkejì bí ẹni tó mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó wà nínú oko dúró dè é kó mí, lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì jọ ń lọ.

“Yaryna!” Motria ń kígbe lẹ́yìn rẹ̀. “Yaryna, padà wá!”

Ó gbọ́. Ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Ó kàn ṣàkíyèsí pé ọ̀fun ò dun òun mọ́, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ọgbà, síhà oko.