Ìbòjú Karùn-ún

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Kúbúrátù nígbà tí èéyi mú un ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èéyi lọ, ṣùgbọ́n egbò kékeré tó fi sílẹ̀ lẹ́nu ọmọ náà kò lọ. Ó ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lu, tó fi jẹ́ pé bó bá pa ẹnu dé, eyín rẹ̀ ṣì ń hàn síta. Ó rù ú là. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kó gbogbo ilé wá sí Niamey láti máa ta aṣọ, ohun kan ṣoṣo ló mú kí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn ìlú náà: obìnrin tó bá bo ojú níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló dé.

Ó dàgbà sábẹ́ ìbòrí. Nígbà tó fi máa di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sí aránṣọ tó tó o ní Zongo, àdúgbò àwọn àjèjì tí wọ́n ń gbé. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà. Yuréníọ̀mù tí wọ́n ń wà nílẹ̀ lápá àríwá ti sọ ìlú di ọ̀tun, ilé alájà ń hù bí olú ní Plateau, àdúgbò àwọn ọlọ́lá, àwọn ìyàwó ọ̀gá sọ́jà sì ń rán dírẹ́bà wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù Kúbúrátù pẹ̀lú aṣọ olówó ńlá. Àní ìyàwó Kọ́mándà, ọ̀gá wọn pátápátá, Hàjíà Zubaidat, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan aṣọ òun.

Ṣòkòtò ni Dókítà Ògúntádé gbé wá fún un lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Dókítà yìí kì í ṣe oníṣègùn o. Ìwé ló kà tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó kà á ní Ìbàdàn, ó kà á ní Paris, kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin tó wá ń kọ́ni ní Niamey. Ohun tó ń wádìí ni ìrísí abàmì: ère tí ẹnu rẹ̀ wọ́, iwin inú ìtàn, ẹbọra inú sinimá, ohunkóhun tó bá ń bani lẹ́rù tó tún ń pani lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bá Kúbúrátù níbi tó ti gbé ìbòrí sókè díẹ̀, tó ń mumi. Kúbúrátù sáré fa ìbòrí wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti rí i.

"Má fara pa mọ́ fún mi," ni ó wí. "Mo mọ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Paris tó ń tún irú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ṣe. Fọ́tò nìkan ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè."

Ọgbọ̀n ọdún ni Kúbúrátù ti ń dúró de ẹni tó máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán mẹ́ta gbáko ló fi lọ sí ilé Dókítà ní Plateau. Ó jókòó síwájú fèrèsé, ó ṣí ojú tí ọkọ tó fẹ́ ẹ fún ọdún méjì kò rí rí nínú ìmọ́lẹ̀. Dókítà gbé kámẹ́rà, ó ní kó yí sọ́tùn-ún, ó yí. Ó ní kó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Kúbúrátù ń lọ sílé, ó fi orí ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ lábẹ́ ìbòrí, ó ń fọkàn wo bí yóò ṣe rí nígbà tí ó bá pé.

Oṣù méjì kọjá. Aládùúgbò rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Àbdùlsàlàm, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó.

"Àǹtí Kúbúrá, ẹ má bínú sí mi. Ìpàtẹ àwòrán kan wà ní gbọ̀ngàn tuntun ní Plateau. Ojú yín wà lára ògiri níbẹ̀."

"Ojú mi wo?"

Àbdùlsàlàm wolẹ̀. "Èyí tí ẹ ò fi hàn wá rí."

Ó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Fọ́tò rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ère onímú wíwọ́ kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀, páálí sinimá tí wọ́n ya ẹbọra eléyín gígùn sí wà lápá òsì, òun ló wà láàárín àwọn méjèèjì, tó ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n ní kó rín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró síbẹ̀. Ọ̀kan fi ìka fa ẹnu ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Kúbúrátù dúró lẹ́yìn wọn lábẹ́ ìbòrí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé òun ni.

Ó gba ilé Dókítà lọ tààrà.

"Dókítà, àwọn oníṣẹ́ abẹ ńkọ́?"

"Àwọn wo? Áà, àwọn yẹn. Mo máa kọ̀wé sí wọn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ti rí ìpàtẹ wa? Ó yẹ kí orí rẹ wú, Kúbúrátù. Ojú rẹ ti di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jíròrò lé lórí. Bí wọ́n bá tún un ṣe, kí ló kù tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wò lára rẹ?"

Wọ́n ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ọkùnrin yìí kà á lójú rẹ̀, ó tún pe gbogbo ìlú wá bá a kà. Kúbúrátù tẹrí ba. Nǹkan kan gbóná láyà rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tutù, ó sì le bí irin. Dókítà rò pé ó ti gbà ni. Ló bá ní ọjọ́ tí ìpàtẹ máa parí, òun fẹ́ bá Kọ́mándà àti àwọn èèyàn ńláńlá yòókù sọ̀rọ̀, òun sì nílò ìbòjú aṣọ márùn-ún tí òun yóò máa gbé wọ̀ níkọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́rin rèé, mo ti yà wọ́n sórí ìwé," ni ó wí. "Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o fi ṣe ìkarùn-ún. Kò sẹ́ni tó mọ ojú wíwọ́ bí ìwọ."

"Màá ṣe é," ni Kúbúrátù wí.

Kọ́mándà ní kókó kan níwájú orí, lókè ojú òsì. Ìpéǹpéjú ojú náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì ẹyin ojú, àpá ìjàǹbá ọkọ̀ sì gba ibẹ̀ lọ sí etí. Ìwé ìròyìn kì í tẹ apá ibẹ̀ jáde. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò ní ìlú kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n onílé mọ̀ ọ́n, wọn kì í kàn án sọ lẹ́nu ni. Kúbúrátù mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ, nítorí ó ti wọn aṣọ fún ìyàwó rẹ̀ nínú ilé, ọkùnrin náà sì ti gba ibẹ̀ kọjá láìdé fìlà.

Ọjọ́ méjì ni ó fi rán mẹ́rin àkọ́kọ́. Karùn-ún gbà á lọ́jọ́ mẹ́fà. Ó ki òwú sínú kókó náà títí ó fi rí bó ṣe yẹ. Ó fi òwú pupa rán àpá, ojú rírán kan tẹ̀ lé ìkejì, wọ́n fún mọ́ra wọn. Bí ó ṣe ń rán ìpéǹpéjú tó sọ̀ náà, ẹ̀rín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló ń gbọ́ létí.

Dókítà wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó ní èyí ló dára jù, èyí ni òun máa fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìpàtẹ parí, gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀yìn pátápátá ni Kúbúrátù jókòó sí. Kọ́mándà wọlé nígbà tí Dókítà wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó jókòó síwájú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, fìlà rẹ̀ sọ̀ sójú. Dókítà bọ́ síta, ó ń fi Faransé sọ̀rọ̀, ó ń gbé ìbòjú wọ̀, ó ń fò, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín ìkínní, wọ́n rẹ́rìn-ín títí dé ìkẹrin. Ló bá gbé ìkarùn-ún sójú, ó kó àyà síta, ó ń yan bí ọ̀gá.

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Dókítà rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, pé iṣẹ́ òun jẹ́. Ó tún yan kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Kọ́mándà dìde, ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó jẹ́ kí ọkùnrin náà rí òun dáadáa, lẹ́yìn náà ó jáde. Sọ́jà méjì gun orí pèpéle. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kó bọ́ ìbòjú náà kí wọ́n tó mú un lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, sájẹ́ǹtì kan dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun mẹ́ta.

"Ó ní ìwọ lo rán an."

"Èmi ni," ni Kúbúrátù fi Hausa dáhùn. "Ó ní kí n rán ojú burúkú márùn-ún, mo rán an. Ọ̀gá, ẹ wò mí."

Ó ṣí ìbòrí. Ìgbà kejì rèé tí yóò ṣí ojú rẹ̀ payá fún ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí òun ló yàn án. Ó yíjú sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun sún sẹ́yìn.

"Ìwọ ni tara ògiri yẹn?" ni sájẹ́ǹtì bèèrè.

"Èmi ni. Ó tàn mí ni, ó gbé mi kọ́ síbẹ̀ kí ayé máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé irú mi yìí ló máa fi ojú ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́?"

Sájẹ́ǹtì kò lè wò ó mọ́. Ó ní kó bo ojú rẹ̀, wọ́n sì lọ. Wọ́n ti Dókítà mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ẹnu ibodè Gaya, wọ́n ní kó fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá, kó jáde nílẹ̀ wọn. Gbogbo ìwé tó ti fi ọdún mọ́kànlá kọ, wọn kò dá ọ̀kan padà fún un. Nígbà tí Àbdùlsàlàm wá sọ ọ́, Kúbúrátù ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Kúbúrátù jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni Hàjíà Zubaidat fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Kò rán dírẹ́bà. Ó jókòó, ó nawọ́ mú ẹ̀wù kan tí Kúbúrátù ń rán lọ́wọ́, ó ń fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ lọ.

"Mo mọ ọwọ́ rẹ lára aṣọ," ni ó wí. "Láti ìjókòó mi ni mo ti mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tó mú ọkùnrin yẹn. Mi ò sọ fún ọkọ mi."

Kúbúrátù dá ẹsẹ̀ dúró lórí maṣíìnì. "Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ, Hàjíà?"

"Mo rí ọ lára ògiri. Mo bi ara mi pé, ká ní èmi ni ńkọ́?" Ó fi ẹ̀wù náà sílẹ̀. "Fìlà kì í kúrò lórí ọkọ mi mọ́, àní nínú ilé. Ó ń kọjú sí ògiri jẹun. Nígbà tí o ń rán ojú yẹn, ṣé o ro tirẹ̀ rárá?"

Kúbúrátù lè purọ́. Kò pa á.

"Rárá," ni ó wí. "Tèmi nìkan ni mo rò."

Hàjíà mi orí bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn náà kó tó kúrò nílé. Ó dìde, ó kí i pé ó dàbọ̀, kò sì gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ Dókítà kò dun Kúbúrátù rí, títí dọjọ́ tó fi darúgbó. Ti ọkùnrin tó ń kọjú sí ògiri jẹun yẹn nìkan ni kò rí gbé mì.