Ọjọ́ Tí Gbogbo Òǹkàwé Di Ìyá Fáìlì

Ọ̀gá mi ní ilé ìkàwé kì í tẹ àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ kó ṣe, inú fáìlì ló ń kọ ọ́ sí, á wá tẹ ìlà kan ṣoṣo pé kó ka fáìlì náà láti orí dé ìdí. Ìyẹn la ṣe ń pè é ní Ìyá Fáìlì. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń pè é o, ta ló tó o lójú rẹ̀?

Òfin kan ló ní: "Kà á tán kí o tó ní kí kọ̀ǹpútà kà á." Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, lẹ́tà tí yóò sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi wà lórí tábìlì rẹ̀, ìbuwọ́lù rẹ̀ nìkan ló kù. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń retí rẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá jókòó jẹ́ẹ́, àmọ́ ọwọ́ ń yún mi.

Àká méjì la kó orúkọ àwọn òǹkàwé sí nínú kọ̀ǹpútà, ti ìdánrawò àti ti gidi. Mo wọ ti ìdánrawò, mo mú fáìlì ọ̀gá mi kan, mo yí ìdí rẹ̀ padà kó lè sọ gbogbo òǹkàwé di "Ìyá Fáìlì", kí n fi pa ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́nu káńtà lẹ́rìn-ín. Mo ní kó kà á. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin orúkọ ti yí padà.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kẹ̀? Ogún péré ló wà nínú ti ìdánrawò! Mo sáré ṣí fáìlì náà. Ìlà àkọ́kọ́ tí n kò kà, ọ̀gá mi ló ti kọ ọ́ síbẹ̀: "Wọ àká gidi." Eré ni, eré ni, ó ti di òótọ́.

"Èmi pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí?" Olùkọ́ àgbà kan tó wá yá ìwé ti ń pariwo lẹ́nu káńtà, orúkọ tuntun rẹ̀ ti jáde lójú kọ̀ǹpútà. "Èmi ni Ìyá ta ni?"

Ọ̀rẹ́ mi di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá mi wọlé. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ta ni Ìyá Fáìlì?" ló bi mí.

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀." Ó fa àga jókòó. "Àràárọ̀ la ń ṣe ẹ̀dà orúkọ pamọ́. Ṣí fáìlì tó ń dá wọn padà. Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Màá kà á, mà."

"Kà á sókè."

Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ irú èyí tí kọ̀ǹpútà máa ń fò, tí a ń kọ fún ojú èèyàn nìkan. Mo kà á: "Mo kọ èyí lọ́jọ́ tí mo sọ gbogbo òǹkàwé di Bàbá Onímú-Gígùn. Ọ̀gá ò gbọdọ̀ mọ̀."

Ọ̀gá mi gbójú sókè sí àjà. Ó ti gbàgbé pé òun kọ ìlà yẹn síbẹ̀.

"Ṣé kí n máa kà á lọ, mà?"

"Máa kà á lọ, aláìlójútì."

Mo kà á tán, mo ní kí kọ̀ǹpútà kà á, orúkọ oníkálukú sì padà. Olùkọ́ àgbà gba ìwé rẹ̀, ó ń kùn lọ. Ọ̀gá mi fa lẹ́tà mi sọ́dọ̀, ó fọwọ́ sí i láì wo ojú mi.

"Ṣé kí n pa ìlà yẹn rẹ́, mà?"

"Rárá o. Kọ tìrẹ sábẹ́ rẹ̀."