Ọjọ́ Tí Màmá Ní Àwọn Ni Yóò Ṣe Ìyàwó

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn! Obìnrin tó ti sin ọkọ, tó ti kó ọmọ-ọmọ jáde, tí eyín ìsàlẹ̀ ti ń mì lẹ́nu, ló dúró láàárín ọ̀ọ̀dẹ̀ wa ní Ọ̀sí, tó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, tó ní òun ni yóò ṣe ìyàwó tuntun nínú fíìmù. Ìyá ọkọ mi ni mò ń sọ. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó gan-an jókòó síwájú wọn, mò ń bó ẹ̀gúsí, mo la ẹnu sílẹ̀, wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Susanna ló fa gbogbo rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ni, Ìbàdàn ló ń gbé, fíìmù ló sì ń ṣe, irú èyí tí àwọn èèyàn ń wò lórí fóònù. Orúkọ rẹ̀ tí mo dá yìí, ẹ̀yin nìkan ni mo dá a fún o, nítorí nínú ilé, ẹnu mi kò gbọdọ̀ pè é. Ẹni tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ló jẹ́ fún ìyàwó, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìbàdíàrán ni mo sọ ọ́. Mo jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá ti fojú kàn án, ìkúnlẹ̀ ni.

Ẹ wá gbọ́ wàhálà tèmi. Ìlọrin ni ọkọ mi, Ọlánípẹ̀kun, ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sí ni wọ́n fi èmi sí. Láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó ni mo ti ń bẹ Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ bá ọkọ mi, èsì kan náà ni wọ́n sì máa ń fún mi: "Ulé ni ìyàwó í gbé." Ulé ni wọ́n ń pe ilé ní Ọ̀sí. Wọn á sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́, wọn á sì máa gé àlùbọ́sà wọn lọ. Ọkọ mi ńkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bínú. Ọkùnrin gìrìpá ni, ṣùgbọ́n tó bá ti dé iwájú ìyá rẹ̀, á di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń dé, ọjọ́ Àìkú á tún gbéra. Tí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń ti Òmù-Àrán bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti dé ojú títì kó tó dúró. Tí kò bá sí nínú ọkọ̀ náà, tí ojú sì ń tì mí, màá máa ṣe bí ẹni tó ń wá adìyẹ. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, kí ni n ó fi pamọ́? Mo fẹ́ máa bá a jí lójoojúmọ́, kí n máa bá a jà lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Nígbà tí Susanna wálé fún ọdún Àjíǹde, ó ní òun fẹ́ ya fíìmù kan nínú ilé wa. Ìtàn ìyá ọkọ burúkú kan ni, tí kò jẹ́ kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ bá ọkọ ní ìgboro. Mo wo Susanna. Ó ṣẹ́jú sí mi. Háà! Mo ní ọkọ gidi ni Ọlọ́run fún mi yìí, ìyẹn Ọlánípẹ̀kun kò já mọ́ nǹkan kan.

"Ta ló máa ṣe ìyá ọkọ?" Màmá béèrè.

"Ẹ̀yin ni. Ìyàwó wa á ṣe ìyàwó."

"Èmi?" Màmá fò dìde. "Kí gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì máa nàka sí mi pé ìkà ni mí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìyàwó tí wọ́n ń fìyà jẹ yẹn lèmi fẹ́ ṣe. Àwọn èèyàn á lè káàánú mi."

"Màmá, ọmọge ni ìyàwó yẹn o."

"Kí n tó bí ẹ, kí ni mo jẹ́? Ṣé àga ni mo jẹ́ ni?"

Ibẹ̀ ló parí sí. Èmi di ìyá ọkọ, ìyá ọkọ mi di ìyàwó mi. Mo bi Susanna pé ta wá ni ọkọ, nítorí èèwọ̀ ni kí ọmọ ṣe ọkọ ìyá rẹ̀, ìbáà jẹ́ eré. Ó ní kí n má ṣèyọnu, ọkọ wà ní Ìlọrin, kò ní yọjú títí fíìmù á fi parí. Mo ní ó dára, ó kúkú jọ ayé tèmi.

Badirat, aránṣọ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ló wá tún wa ṣe. Ó fi ìyẹ̀fun kùn mí lórí kó lè dà bí ewú, ó fún mi lọ́pàá, ó gbé mi jókòó sórí àga Màmá. Lẹ́yìn náà ló mú Màmá wọ yàrá. Nígbà tí wọ́n máa fi jáde, wíìgì ti bo etí méjèèjì, ètè ti pupa fòò, wọ́n sì ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Badirat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ máa rín in," Màmá wí. "Bí mo ṣe rí gan-an nìyí tí bàbá wọn kò fi rí oorun sùn."

Wọ́n yíjú sí Susanna, ọmọ bíbí inú wọn, wọ́n kúnlẹ̀. "Ọkọ mi Oníkámẹ́rà, ibo ni kí n dúró sí?" Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Susanna.

"Ó yá!" ló kígbe.

Màmá wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú mi gbì. "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ mà."

Ẹ̀yin èèyàn, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ìyá ọkọ mi ló kúnlẹ̀ fún mi! Ara mi kò mọ̀ pé fíìmù ni. Kí n tó ronú, mo ti bọ́ sílẹ̀ lórí àga, èmi náà ti kúnlẹ̀. Màmá rí mi nílẹ̀, wọ́n ní ìyàwó kì í ga ju ìyá ọkọ lọ, ni wọ́n bá tún rẹlẹ̀ sí i. Èmi náà rẹlẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, àwa méjèèjì ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, imú mi ń gbóòórùn sìmẹ́ǹtì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ dúró!" Susanna fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ìyàwó wa, ìwọ ni ìyá ọkọ! Ìyá ọkọ kì í kúnlẹ̀!"

"Ìbàdíàrán, tí n kò bá kúnlẹ̀, tí orúnkún mi bá wá rọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbé mi lọ ọsibítù?"

A tún un ṣe, mo tún kúnlẹ̀. A tún un ṣe, mo dì mọ́ àga, orúnkún ọ̀tún nìkan ló kúnlẹ̀. Badirat ló wá ọgbọ́n rẹ̀. Ó gbé àwo ẹ̀gúsí mi, ó kún dẹ́múdẹ́mú, ó gbé e lé mi lórí itan. "Ó yá, kúnlẹ̀ ká rí i." Ẹ̀gúsí tí ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ẹ̀! Mo jókòó jẹ́ẹ́.

Màmá kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn lọ bá ọkọ àwọn. Mo gbé ojú sókè, mo sọ ọ̀rọ̀ tí Susanna kọ́ mi: "Ulé ni ìyàwó í gbé."

Màmá dìde fùú. "Èwo ni ulé ni ìyàwó í gbé? Ṣé ulé ló fẹ́ ẹ ni? Susanna, ìyá yìí ti burú jù! Níbo lo ti rí irú èèyàn báyìí? Bu omi là á díẹ̀, jọ̀ọ́."

Badirat ki etí ìborùn bọ ẹnu. Susanna ń wo òkè àjà. Ta ló máa sọ ọ́? Ṣé èmi tí mo jẹ nínú ọbẹ̀ wọn láàárọ̀? Mo ń ka ẹ̀gúsí, ikùn mi ń mì tìtì, mo fi eyín dé ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ bẹ̀ ẹ́ dáadáa," Susanna wí. "Ẹ bẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ó ń dùn yín."

Màmá kúnlẹ̀, wọ́n tún wíìgì ṣe. Nígbà tí wọ́n máa la ẹnu, ohùn wọn ti yí padà.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n lọ. Kàdúná jìnnà."

"Ìlọrin ni, Màmá," Susanna sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Màmá kò gbọ́.

"Ọkọ mi wà ní Kàdúná, ìkòkò ọbẹ̀ yín ló mọ̀ mí ju ọkọ mi lọ. Tí ọkọ̀ bá ń ti Òmù-Àrán bọ̀, mo ti mọ ìró rẹ̀. Màá sá jáde, eruku á bò mí, ẹlòmíì ló máa sọ̀. Ojú á tì mí, màá wá ṣe bí ẹni pé ewúrẹ́ ni mò ń wá. Ìyá mi, mo ti wá ewúrẹ́ yẹn títí ó ti sú mi. A ò sì ní ewúrẹ́ kankan."

Inú mi là gààrà: Kàdúná ni bàbá ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Mo ti gbàgbé fóònù, mo ti gbàgbé ìyẹ̀fun orí mi. Omijé ń bọ́, ẹ̀rín ń bọ́, mi ò mọ èwo ni kí n mú. "Dìde, ìyàwó mi," mo sọ. "Di ẹrù rẹ. Kàdúná ni o, Ìlọrin ni o, lọ bá ọkọ rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́, sọ fún un pé ìyá ọkọ rẹ ló ní kí o lọ."

"Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Susanna ń fẹsẹ̀ lulẹ̀. "Ìyàwó wa, o ti pa fíìmù mi! Ibi tí ìjà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lo ti parí ẹ̀!"

Màmá kò dìde. Wọ́n yọ wíìgì, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń wò ó.

"Tèmídayọ̀," wọ́n pe orúkọ mi, "adìyẹ tí o máa ń wá lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ṣé o rí i?"

"Màmá, a ò ní adìyẹ."

"Mo mọ̀." Wọ́n nu ètè pupa wọn pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Háà. Èmi ni ìyá burúkú yẹn."

"Màmá, fíìmù lásán ni," Susanna wí.

"Pa ẹnu mọ́, ìwọ yìí, ìwọ lo kọ ọ́." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Kì í ṣe ìkà o, ọmọ mi. Ulé yìí ló dákẹ́ jù. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti lọ, ìró odó rẹ ni mo fi ń mọ̀ pé mo jí. Mo ní bí o bá lọ, ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀? Ẹ̀rù ló bà mí."

Mi ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń bínú, tí mò ń gún iyán bí ẹni ń gún ọ̀tá, n kò mọ̀ rárá.

"Ta ni ìyàwó ilé yìí?" Màmá béèrè.

"Èmi ni mà."

"Ta ni ìyá ọkọ?"

"Ẹ̀yin ni mà."

"Rárá o. Láti àárọ̀, ìwọ ni. Gbogbo wa ló gbọ́ ọ, ó sì wà nínú fóònù: ìyá ọkọ ní kí ìyàwó di ẹrù, kó lọ bá ọkọ rẹ̀. N kò gbọ́ ọ rí kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ padà nílé yìí."

Yéè! Mo fò sókè kí n lè kúnlẹ̀, ẹ̀gúsí fọ́n ká gbogbo ilẹ̀, ó wọ abẹ́ àga, ó wọ inú wíìgì. Kí ló kàn mí? Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ Màmá, ìyẹ̀fun orí mi kun ìró wọn. Ibi tí a wà nìyẹn tí àwọn adìyẹ Badirat gbóòórùn oúnjẹ, ni wọ́n bá ya wọ ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣà á jẹ.

"Tèmídayọ̀!" Badirat kígbe. "Adìyẹ rẹ dé o!"

A rẹ́rìn-ín títí Màmá fi ní kí a gbé àwọn dìde, eyín tó ń mì yẹn fẹ́ bọ́.

Nígbà tí Ọlánípẹ̀kun dé lọ́jọ́ Ẹtì, tó bá ẹrù mi lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹrù, ó wo ìyá rẹ̀. "Màmá, ṣé lóòótọ́ ni?" Màmá nàka sí mi. "Lọ bi ìyá rẹ." Ọkọ mi sì dọ̀bálẹ̀ fún mi, kò tiẹ̀ mọ ìdí tó fi dọ̀bálẹ̀.

Màmá náà kò dúró. Wọ́n ní àwọn ni ìyàwó inú fíìmù, ìyá ọkọ sì ti ní kí ìyàwó máa lọ. Ni wọ́n bá bá Susanna lọ sí Ìbàdàn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ Badirat títí di ìgbà iṣu tuntun. Susanna ti sọ ìtàn náà di ti ìyàwó arúgbó. Ìyá ọkọ burúkú ti di ìyá ọkọ tó ń kúnlẹ̀, wọ́n sì ní àwọn tó wò ó ń bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ní Ìlọrin, ọkọ mi àti èmi ń jà lórí ẹni tó jẹ búrẹ́dì tó kù, nígbà tí fóònù mi dún.

"Ìyá mi," ohùn kan sọ, ó rọ̀ bí ti ọmọge, "ìyàwó yín ní Ìbàdàn ló ń kí yín o. Ẹ káàárọ̀ mà. Wọ́n ní kí n wá ṣe ìyàwó kejì nínú fíìmù mìíràn. Ṣé kí n gbà?"

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé wọn ò rí mi.

Ọlánípẹ̀kun wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Kí lò ń wá nílẹ̀?"

"Adìyẹ," mo dá a lóhùn.