Wáìnì Pupa fún Ẹja Tútù

Ahọ́n ni gbogbo wa ń pè é ní ilé àrójẹ tí a ti ń ṣiṣẹ́, òun gan-an sì fẹ́ràn ìnagijẹ yẹn ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́ ọtí wò, kí ó sì sọ oúnjẹ tó bá a mu: wáìnì láti ilẹ̀ Yúróòpù, àti sáké, ọtí ìrẹsì àwọn ará Japan tó mọ́ gaara bí omi. Yóò mi ife, yóò ki imú bọ̀ ọ́, yóò fi ọtí yí ẹnu ká, yóò tu ú sínú korobá, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ̀rọ̀. Ká má purọ́, ó mọ iṣẹ́ yẹn. Ìwà ni kò ní. Bí òṣìṣẹ́ kan bá gbé ọtí tí kò yẹ wá, Ahọ́n yóò tu tẹnu rẹ̀ síwájú bàtà ẹni náà, yóò sì ní kí ó nù ún.

Ojú ìyàwó rẹ̀ ló rí màbo jù. Iṣẹ́ títọ́ ọtí wò ni obìnrin náà kọ́ kí wọ́n tó fẹ́ra. Lọ́jọ́ kan, ó sọ níwájú àwọn oníbàárà pé sáké tí wọ́n bá mú lọ́ wọ́ọ́rọ́ yóò bá olú tí wọ́n dín mu. Òótọ́ ló sọ. Ahọ́n ní kí wọ́n foríjì í, pé ẹwà ni òun wò tí òun fi fẹ́ ẹ, òun kò wo imú. Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni obìnrin náà ti wọ ilé ìdáná lọ, kò sì gbé ife síwájú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀fìnkìn lásán ló mú Ahọ́n. Ibà lọ, ikọ́ lọ, ṣùgbọ́n òórùn kò padà wá. Ó gé àlùbọ́sà, ó gbé e sí imú. Omi dà lójú rẹ̀, kò sì gbọ́ òórùn kankan. Ẹnu rẹ̀ ṣì mọ dídùn, ó mọ kíkan, ó mọ kíkorò, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ ìyẹn. Imú ni iṣẹ́ náà. Bí Màdáámù tó ni ilé àrójẹ bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, Ahọ́n ti di ẹni tí ń wáṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Wọ́n wá ṣe é báyìí: kí àwọn oníbàárà tó jókòó, obìnrin náà yóò ti tọ́ gbogbo ìgò wò ní ilé ìdáná, yóò sì sọ ohun tó gbọ́ sí ọkọ rẹ̀ létí. Èyí ní òórùn èso ápù, kí wọ́n fi jẹ adìẹ. Èyí ní èéfín díẹ̀, ẹran yíyan ni tirẹ̀. Ahọ́n yóò jáde, yóò fi ọ̀rọ̀ dídùn yí i, àwọn ènìyàn yóò sì pàtẹ́wọ́. Bí ó bá padà dé ẹ̀yìn, á máa kùn pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà gbẹ. Adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó tún ń ráhùn pé òun kò léyín.

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyí tí ọkùnrin kan tó ní òtẹ́ẹ̀lì káàkiri fi ránṣẹ́ sí Màdáámù. Ó ń wá ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá ọtí fún gbogbo wọn, ó sì fẹ́ wá wo Ahọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ipò tí Ahọ́n ti ń lálàá rẹ̀ láti ìgbà èwe nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nílé pé kí ó sọ fún Olótẹ́ẹ̀lì pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe é.

"Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni ọ́," ni Ahọ́n wí. "Ta ló ń gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ jókòó sórí àga? Bí mo bá débẹ̀, màá wá imú ẹlòmíì tó gbọ́n jù báyìí lọ. Ìwọ jókòó ti ìkòkò rẹ."

Obìnrin náà ní ó dáa. Ó bu oúnjẹ fún un, ó sì lọ sùn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹja tútù tí iná kò kàn rárá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, wọ́n gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ọ̀rá ń dán lára rẹ̀. Ìgò mẹ́ta ló wà: wáìnì funfun kan, wáìnì pupa kan tó le, àti sáké tí Olótẹ́ẹ̀lì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá. Ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé wáìnì pupa bẹ́ẹ̀ àti ẹja ọlọ́ràá kì í ṣọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá ti pàdé lẹ́nu, òórùn irin ni yóò gba ọ̀fun dé imú. Ahọ́n mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sọ fún un ní ilé ìdáná pé pupa ni kí ó mú.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ tọ́ ọ wò," ni obìnrin náà dáhùn. "Ti èyí yàtọ̀. Ẹni tó bá mú funfun, ohun tí gbogbo ayé ń ṣe ló ṣe. Sáké yẹn sì ti bàjẹ́, òórùn páálí tí òjò pa ló ní."

Ahọ́n fi ẹja sẹ́nu, ó mu pupa lé e. Kò gbọ́ irin kankan. Báwo ni yóò ṣe gbọ́ ọ, nígbà tó jẹ́ pé imú ni irin yẹn ń gbà? Ṣùgbọ́n ó ti gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì ronú pé ẹnu náà lè tàn án. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Ó jáde sí wọn tàṣẹtàṣẹ. Ó ní òfin pé kí a má mu pupa pẹ̀lú ẹja, òfin àwọn ojo ni. Ó bu pupa fún gbogbo wọn, ó ti sáké sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ní ẹni tó tà á fún Olótẹ́ẹ̀lì ti rẹ́ ẹ jẹ. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Màdáámù fi áńkáṣì bo ẹnu. Olótẹ́ẹ̀lì tu tirẹ̀ sínú korobá, ó ní ó dà bí ẹni pé òun lá ìṣó. Ó wá gbé sáké rẹ̀ sí imú, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Ara fu ú. Ó ní kí Ahọ́n di ojú, kí ìyàwó rẹ̀ mú ohun tó bá wù ú wá láti ilé ìdáná, kí ó gbé e sí i nímú. Ahọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ń retí kí ó sọ ọ́ sí òun létí. Obìnrin náà na abọ́ kan sí i nímú. Abọ́ ìfun ẹja tó ti wà lẹ́bàá ààrò láti òwúrọ̀ ló gbé dání, àwọn tó wà nítòsí sì ti ń sún àga sẹ́yìn.

Ahọ́n mí kanlẹ̀. "Òdòdó funfun," ni ó wí. "Oyin díẹ̀. Àti òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa."

Olótẹ́ẹ̀lì ní ó ṣeun, kí ó sọ oúnjẹ tí yóò bá a mu. Ó sọ ọ́, ó sì là á yé wọn dáadáa. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Wọ́n rín in títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ìgbà tí ó lajú tí ó rí ìfun ni ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ lo ní kí n mú pupa."

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Màdáámù bèèrè ẹni tó ti ń bá a gbóòórùn láti ọjọ́ yìí wá. Olótẹ́ẹ̀lì ti ife sáké sí obìnrin náà. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú, ó ní òórùn ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná ni, kí wọ́n mu ún ní tútù pẹ̀lú ẹja náà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dùn. Kí wọ́n tó palẹ̀ àwo mọ́, Màdáámù ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ọtí lọ́wọ́ Ahọ́n, Olótẹ́ẹ̀lì sì ti fún obìnrin náà níṣẹ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí obìnrin náà ń kẹ́rù lọ, Ahọ́n ti rù kan eegun. Ẹ̀rù dídáná ń bà á, nítorí kò lè mọ̀ bí gáàsì bá ń jò. Oúnjẹ tó ti bàjẹ́ ti dá a dùbúlẹ̀ rí. Ó gbé ìkòkò ẹran kan pàdé ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró. Ó mọ̀ pé ẹ̀pa kò bóró mọ́.

"Jọ̀ọ́, bá mi gbóòórùn rẹ̀. Ṣé ó ṣì dáa?"

Obìnrin náà gbé àpò kalẹ̀. Ó ṣí ìdérí, ó tẹ̀ síwájú, ó fa òórùn náà símú dáadáa. Ẹran náà ti rà.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ẹ jẹ ẹ́ tán, kó má baà bàjẹ́."

Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì dúró títí Ahọ́n fi gbé ẹyọ kan mì kí ó tó máa lọ.